ÌLÚ VALLETTA LÍ ERÉKÙṢÙ MALTA

Ẹ̀kọ́ fún àwọn Kíláàsì Bíbélì, àti fún kíkà nínú ilé

Kíkà: Ìṣe Àwọn Aposteli, orí 27, ẹsẹ 27, títí dé orí 28, ẹsẹ 10.



Àwọn àgbà a máa wí pé ọmọ tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí ni yíò wí pé kò sí oko tí ó tóbi tó ti bàbá òun. Nítorí náà li a ṣe fẹ́ mú yín rin ìrìn-àjò lí oṣù yìí lọ sí ìlú èbúté kan tí òkun yí ká lí ọ̀nà mẹ́ta. Kì í ṣe nítorí kí a lè fi ìròhìn ilé gíga dá ara wa lára yá nìkan, bíkòṣe kí a lè wádìí ọ̀ràn kan tí ó kan olúkúlùkù wa: báwo li ó ti yẹ kí a gba àlejò tí òkun gbé sọ sí ẹnu-ọ̀nà wa? Valletta ti dáhùn ìbéèrè yìí lí ọ̀nà méjì tí kò bá ara wọn mu, ẹ̀rí ìdáhùn méjèèjì sì wà nínú ìtàn rẹ̀ títí di òní.

I. Ipò Ìlú Náà

Malta jẹ́ erékùṣù kékeré ní àárín Òkun Mẹditaréníà. Láti ibẹ̀ dé Sicily lí ìhà àríwá, nǹkan bí máìlì 60 ni. Láti ibẹ̀ dé etí òkun Tunisia ní Áfíríkà, kò tó máìlì 200. Kò ní odò kankan tí ńṣàn láti ọdún dé ọdún, igi rẹ̀ kò sì pọ̀. Òkúta li ọrọ̀ rẹ̀, òkúta aláwọ̀ oyin tí a fi kọ́ ilé àti odi rẹ̀ gbogbo. Valletta, olú-ìlú rẹ̀, jókòó lórí òkè kan tí ó yọ sínú òkun bí ahọ́n. Èbúté kan wà lí ọwọ́ ọ̀tún, òmíràn wà lí ọwọ́ òsì. Èyí tí ó tóbi jù li a ńpè ní Èbúté Ńlá. Ó jìn, ó sì fara sin lọ́wọ́ ìjì.

Nítorí èbúté yìí li ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ṣe jà fún erékùṣù náà: àwọn ará Fòníṣíà, àwọn ará Róòmù, àwọn Lárúbáwá, àwọn ará Sípéènì, àwọn Faransé, àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Èdè àwọn ènìà ibẹ̀ jẹ́ ọmọ èdè Lárúbáwá, ṣùgbọ́n lẹ́tà tí àwa náà fi ńkọ Yorùbá li a fi ńkọ ọ́. Bíótilẹ̀jẹ́pé Kristiani ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, Alla li orúkọ tí nwọ́n fi ńpe Ọlọ́run nínú àdúrà wọn.

II. Ìgbàlejò Àkọ́kọ́

Kí olùkọ́ kíyèsí èyí, kí ó má bàa ṣi kíláàsì lọ́nà: Paulu Mímọ́ kò fi ẹsẹ̀ tẹ Valletta, nítorípé nígbà ayé rẹ̀ kò sí ìlú níbẹ̀. Gẹ́gẹ́bí àtọwọ́dọ́wọ́ àwọn ará Malta, ọkọ̀ rẹ̀ fọ́ lí ẹ̀bá etí òkun kan ní ìhà àríwá erékùṣù náà, èyí tí ó ńjẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Nǹkan bí 1,500 ọdún lẹ́hìn náà li a tó tẹ Valletta dó.

Ènìà 276 li ó wà nínú ọkọ̀ náà: ọmọ-ogun, atukọ̀, èrò àti ẹlẹ́wọ̀n. Nwọ́n dé èbúté pẹ̀lú aṣọ tútù àti ọwọ́ òfo. Luku pe àwọn ará erékùṣù náà ní orúkọ tí àwọn Gíríìkì fi ńpe ẹnikẹ́ni tí kò gbọ́ èdè wọn. Síbẹ̀ ó jẹ́rìí sí i pé inú rere wọn kọjá èyí tí a máa ńrí. Òjò ńrọ̀, òtútù ńmú; nwọ́n dá iná, nwọ́n sì gba gbogbo wọn. Nwọn kò kọ́kọ́ bèèrè ta ni ẹlẹ́wọ̀n, ta ni ọmọ ọlọ́lá. Publiu, ẹni ńlá ibẹ̀, gbà wọ́n sí ilé fún ijọ́ mẹ́ta. Bàbá rẹ̀ dùbúlẹ̀ àìsàn ibà àti ìgbẹ́ ọ̀rìn. Paulu gbàdúrà, ọkùnrin náà sì yé. Báyìí li ẹlẹ́wọ̀n tí a gbà sí ilé ṣe di ìbùkún fún onílé.

III. Bí A Ti Tẹ Valletta Dó

Ẹgbẹ́ Jòhánù Mímọ́ li ó tẹ ìlú náà dó. Ní Jerúsálẹ́mù li ẹgbẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí nwọ́n ti ńtọ́jú àwọn arìnrìn-àjò tí àìsàn bá mú. Lẹ́hìn náà nwọ́n gbé idà, nwọ́n sì di jagunjagun. Àwọn ará Tọ́kì lé wọn kúrò ní Rhodes lẹ́hìn ogun ọdún 1522. Fún ọdún díẹ̀ àwọn fúnra wọn jẹ́ àlejò tí kò ní ilé, títí Ọba Charles V fi fún wọn ní Malta lí ọdún 1530. Ìṣákọ́lẹ̀ tí ó béèrè kò ju ẹyẹ àṣá kan lọ lí ọdọọdún.

Lí oṣù May ọdún 1565, ọkọ̀ ogun Tọ́kì bo òkun Malta. Odi Saint Elmo, tí ó wà lí ẹnu èbúté, dúró fún nǹkan bí oṣù kan kí ó tó ṣubú lí ọjọ́ 23 oṣù June. Ṣùgbọ́n àwọn odi yòókù kò ṣubú, lí ọjọ́ 8 oṣù September ìdótì náà sì tú. Olórí Ẹgbẹ́ náà, Jean de Valette, pinnu láti kọ́ ìlú olódi lórí òkè tí ó wà láàrín èbúté méjèèjì. Ọjọ́ 28 oṣù March ọdún 1566 li a fi òkúta ìpìlẹ̀ lélẹ̀, a sì fi orúkọ rẹ̀ pe ìlú náà. Francesco Laparelli, ará Itálì, li ó ya àwòrán ìlú. Gerolamo Cassar, ọmọ Malta, li ó parí iṣẹ́ náà. Valette kò rí òpin rẹ̀. Ó kú lí ọdún 1568.

IV. Rírìn Nínú Ìlú

Ẹni tí ó bá wọ ẹnubodè yíò rí i pé òpópónà náà tọ́ bí okùn tí a nà, láti ẹnubodè títí dé Saint Elmo. Gbogbo òpópónà ni a là báyìí, kí afẹ́fẹ́ òkun lè fẹ́ já ìlú láti ìhà kan dé èkejì. Nítorí àìsí odò, a pa á láṣẹ fún olúkúlùkù onílé pé kí ó gbẹ́ ihò ìkómi-òjò sínú àpáta lábẹ́ ilé rẹ̀. Ìlú náà kéré. Ènìà lè rìn ín já kí oúnjẹ tó jinná lórí iná. Ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn òkúta rẹ̀ pọ̀, ó sì ńyọ̀. Kí àgbà tí ẹ̀kún ńdùn mú ọ̀pá lọ́wọ́.

Kàtídírà Jòhánù Mímọ́ ti Ìjọ Àgùdà, tí a bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ lí ọdún 1573, dàbí odi ogun lóde, ṣùgbọ́n wúrà bo ògiri rẹ̀ nínú. Ilẹ̀ tí a ńtẹ̀ jẹ́ òkúta iyebíye tí a fi bo ibojì àwọn ajagun, nǹkan bí 400. Nítorí náà a kì í jẹ́ kí obìnrin fi bàtà onígìgísẹ̀ tín-ín-rín wọ ibẹ̀. Nínú iyàrá àdúrà tí ó so mọ́ ọn li àwòrán bíbẹ́ orí Jòhánù Onítẹ̀bọmi wà, tí Caravaggio yà lí ọdún 1608. Ọkùnrin yìí pa ènìà ní Róòmù, ó sá. Malta gbà á, a sì sọ ọ́ di ọmọ Ẹgbẹ́. Inú ẹ̀jẹ̀ tí ó ńṣàn láti ọrùn Jòhánù li ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí. Kí ọdún náà tó parí ó tún jà, ó sá kúrò nínú túbú, a sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú Ẹgbẹ́.

Láti ọgbà Barrakka ti Òkè, ojú yíò rí gbogbo Èbúté Ńlá. Lí ọ̀sán gangan lójoojúmọ́ a máa ńyin ìbọn àgbá níbẹ̀.

V. Ilé Ìwòsàn àti Ilé Ẹrú

Ibí yìí ni kí a dúró pẹ́ díẹ̀. Lí ẹ̀bá òkun ni ilé ìwòsàn Ẹgbẹ́ náà wà, tí a bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ lí ọdún 1574. Iyàrá ńlá rẹ̀ kan ṣoṣo gùn tó nǹkan bí 500 ẹsẹ̀. Nínú àwo fàdákà li a fi ńbọ́ aláìsàn, àwọn ajagun tí nwọ́n jẹ́ ọmọ ìdílé ńlá ní Yúróòpù sì ńfi ọwọ́ ara wọn gbé oúnjẹ fún wọn. A gba ọlọ́rọ̀ àti tálákà. A gba ẹrú pàápàá, lí iyàrá tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ṣùgbọ́n níbo li a ti rí ẹrú? Ọkọ̀ Ẹgbẹ́ yìí kan náà li ó ńmú wọn wá láti inú òkun: àwọn ará Tọ́kì, àwọn ará Áfíríkà ti Àríwá, àti àwọn aláwọ̀ dúdú bí àwa náà. Nwọ́n ńwa àjẹ̀ nínú ọkọ̀ ogun, nwọ́n ńmọ odi, a sì ńtì wọ́n mọ́ ilé túbú ńlá lí alẹ́. Lí ọdún 1749 nwọ́n gbìmọ̀ láti gba ara wọn. Àṣírí tú, a sì pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ọdún 1798, nígbàtí Napoleon lé Ẹgbẹ́ náà jáde, li a tó fi òpin sí ẹrú níní ní Malta.

Ohun tí ó ya ni lẹ́nu jù ni pé Valette tìkárarẹ̀ ti jẹ ẹrú rí. Lí ọdún 1541 àwọn ajalèlókun mú ọkọ̀ rẹ̀, nwọ́n sì fi í sí ìdí àjẹ̀ fún nǹkan bí ọdún kan. A bá rò pé ẹni tí ó ti fi ẹ̀hìn ara rẹ̀ mọ oró pàṣán kò ní fẹ́ gbé e sókè sí ẹlòmíràn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyà kì í kọ́ ènìà ní àánú fúnra rẹ̀. Ọkàn li ó gbọ́dọ̀ yàn láti kọ́ ọ.

VI. Ìjọ Wa ní Valletta

Kí a tó rán míṣọ́nárì sí Abẹ́òkúta ni ẹgbẹ́ C.M.S. ti rán William Jowett sí Malta, lí ọdún 1815. Nwọ́n sì ní ilé ìtẹ̀wé níbẹ̀ tí ó ńtẹ ìwé lí èdè Lárúbáwá àti èdè Gíríìkì. Nígbàtí Olorì Adelaide, opó Ọba William IV, dé Valletta lí ọdún 1838, kò bá ilé ìsìn tí ó yẹ fún àwọn ọmọ Ìjọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó fi owó ara rẹ̀ kọ́ Ìjọ Paulu Mímọ́, èyí tí a yà sí mímọ́ lí ọdún 1844. Ilé-ìṣọ́ agogo rẹ̀ gíga tí àwọn atukọ̀ fi ńrí ìlú náà láti òkèèrè. Báyìí li àlejò kan kọ́ ilé fún àwọn àlejò tí yíò tẹ̀lé e.

VII. Àlejò Tí A Ńretí àti Àlejò Tí A Kò Retí

Láti oṣù June ọdún 1940 ni bọ́ǹbù ti bẹ̀rẹ̀ sí já lu Valletta. Àwọn ènìà sá sínú ihò àpáta. Ebi sì fẹ́rẹ̀ pa wọ́n tán. Lí ọjọ́ 15 oṣù April ọdún 1942, Ọba George VI fi àmì ẹ̀yẹ George Cross fún gbogbo erékùṣù náà. Lí oṣù August ọdún kan náà, nínú ọkọ̀ ẹrù 14 tí a rán, márùn-ún péré li ó gúnlẹ̀. Nígbàtí èyí ìkẹhìn, Ohio, wọlé lí ọjọ́ 15 pẹ̀lú epo, tí ọkọ̀ ogun fi èjìká gbé e bí aláìsàn, ayọ̀ gba gbogbo èbúté. Malta di òmìnira lí ọdún 1964.

Àlejò tí ó mú ẹrù wá kò ṣòro láti gbà. Ṣùgbọ́n lí òru ọjọ́ 18 oṣù April ọdún 2015, ọkọ̀ kan tí ó ti Líbíà bọ̀ rì. Ó ju 800 ènìà tí ó kú, àwọn ọmọ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sì wà nínú wọn. Òkú 24 li a gbé wá sí Èbúté Ńlá yìí. A sin wọ́n sí ilẹ̀ Malta lí ọjọ́ 23 oṣù náà, olórí Kristiani àti olórí Mùsùlùmí sì gbàdúrà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ wọn láti pè é. Òkun kan náà tí ó mú 276 wá láàyè li ó gbé 24 yìí wá lí òkú.

Ohun Tí A Rí Kọ́

Ẹ rántí Àjàyí Crowther, tí a gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú lórí òkun lí ọdún 1822. Ọmọ tí kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ li ó gúnlẹ̀ ní Freetown. A gbà á, a kọ́ ọ ní ìwé, òun li ó sì padà wá gbé Ìwé Mímọ́ wọ inú èdè wa. Ta ni ìbá mọ̀ lí ọjọ́ náà? Onílé kì í mọ ẹni tí ó wà nínú àlejò rẹ̀. Nítorí náà, kí a tó dá àwọn ará Malta lẹ́jọ́ tàbí kí a yìn wọ́n, ẹ jẹ́ kí a wo ẹnubodè tiwa: ará òkè-ọya tí ogun lé kúrò lí oko, ọmọ-ọ̀dọ̀ tí kò gbọ́ èdè wa, ọmọ wa tí ó re òkè òkun tí ó padà lọ́wọ́ òfo. Ìgbà òjò àti òtútù li à ńdá iná fún àlejò. Bí ó bá ti yá oòrùn tán, iná náà kò wúlò mọ́.

Ìbéèrè fún Kíláàsì

1. Kí ni ìdí tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fi jà fún èbúté Malta?
2. Kí ni àwọn ará erékùṣù náà ṣe fún àwọn 276 kí nwọ́n tó mọ irú ẹni tí nwọ́n jẹ́?
3. Báwo ni ẹgbẹ́ kan ṣe lè ní ilé ìwòsàn rere àti ilé ẹrú nínú ìlú kan náà? Ǹjẹ́ irú rẹ̀ wà nínú ilé tiwa?
4. Kí ni ìyàtọ̀ láàrín gbígba ọkọ̀ Ohio àti gbígba àwọn tí ó ti Líbíà bọ̀?
5. Kí olúkúlùkù dárúkọ àlejò kan ní àdúgbò rẹ̀, àti ohun tí yíò ṣe fún un kí oṣù yìí tó parí.