“Lọ” àti “Ẹ Lọ” Lédè Sípéènì

Ìbéèrè: Mò ń múra àtilọ ṣòwò ní Malabo, ní Equatorial Guinea. Báwo ni wọ́n ṣe ń sọ “mò ń lọ” àti “lọ” níbẹ̀? — Òǹkàwé, Odògbolú.

Ìdáhùn: “Voy a Malabo” ni “mò ń lọ sí Malabo”. Ọjà ńkọ́? “Voy al mercado.” Ẹ má wá “èmi” kiri, “voy” ti gbé e mì. “V” tí àwa kò ní yẹn, bíi “b” ni wọ́n ń pè é.

Ibi àṣẹ ni kí ẹ ti ṣọ́ra. “Ve” ni “lọ”, fún ẹgbẹ́ ẹni; “vaya” ni “ẹ lọ”, fún àgbà. Ọmọ Yorùbá ti mọ ìyẹn láti ilé. Àmọ́ “ẹ” tiwa ń ṣiṣẹ́ méjì. Tiwọn kò rí bẹ́ẹ̀: bí wọ́n bá pọ̀, “vayan” ni. Awakọ̀ tó bá jù yín lọ, “vaya” ni kí ẹ fi bá a sọ̀rọ̀.