Ẹ Má Ṣe Dá Abẹ́rẹ́ Yẹn Dúró Fúnra Yín

Àǹtí, ilé iṣẹ́ ike kan ní Ọba Àkrán, Ìkẹjà, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Oyún ìbejì tí mo fi IVF ní ti di ọ̀sẹ̀ 8. Mò ń bì ṣáá, ọkàn mi ń lù kì-kì-kì, abẹ́rẹ́ progesterone tí wọ́n ń gún mi lálaalẹ́ sì ti mú kí ìdí mi le kókó-kókó. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ rí ìwé àyẹ̀wò mi, ó ní hCG mi pọ̀ jù, pé oògùn ló kún ara mi. Ìyá ọkọ mi ní kí n dá gbogbo rẹ̀ dúró. Kí ni kí n ṣe? — Ìyàwó Alhaji, Agége.

Ìyàwó Alhaji, ẹ kú oríire. Ẹ má dá abẹ́rẹ́ yẹn dúró o, àyàfi tí dókítà yín bá ní ó tó.

Tí obìnrin bá lóyún láìsí ìtọ́jú, àpò tí ẹyin rẹ̀ ti jáde kì í kàn ṣòfò. Òun ló ń pèsè progesterone tó ń di oyún mú, títí ibi ọmọ yóò fi gba iṣẹ́ náà ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 7 sí 10. Oògùn IVF máa ń da iṣẹ́ àpò yìí rú. Tó bá wá jẹ́ ọlẹ̀ tí wọ́n dì sínú yìnyín ni wọ́n gbé sí yín nínú, tí wọ́n fi oògùn nìkan tún ilé ọmọ ṣe, ẹyin kankan kò jáde lóṣù náà. Àpò ò sí nìyẹn. Oògùn yẹn ni ìbejì yín gbára lé báyìí. Ọ̀pọ̀ dókítà máa ń dá a dúró láàárín ọ̀sẹ̀ 10 sí 12, kò pẹ́ mọ́. Ní ti ìdí tó le, ẹ máa fi aṣọ gbígbóná jó o, kí wọ́n sì máa gún un sí ìdí ọ̀tún lónìí, sí ìdí òsì lọ́la. Tó bá pọ́n, tó sì gbóná, ẹ padà sílé ìwòsàn.

hCG ńkọ́? Ibi ọmọ ló ń ṣe é. Èyí tí wọ́n gún yín kí ẹyin lè gbó ti tán lára yín láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. (Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní kí ẹ má sáré tọ̀ sórí páálí àyẹ̀wò.) Ti ìbejì sábà máa ń tó ìlọ́po méjì ti ọmọ kan. Kódà fún ọmọ kan ní ọ̀sẹ̀ 7 sí 8, ó lè jẹ́ 7,600, ó lè lé ní 200,000. Kí ni ẹni ibi iṣẹ́ yín yẹn wá fi wé e?

hCG yìí jọ họ́mọ̀nù tó ń pàṣẹ fún thyroid tó wà lọ́rùn. Bó bá pọ̀, ó máa ń ta thyroid jí, ọkàn á sì máa sáré. Ó sábà máa ń rọlẹ̀ lẹ́yìn oṣù kẹta, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún dókítà kó yẹ̀ ẹ́ wò. Tí omi pàápàá ò bá dúró nínú yín, tí ìtọ̀ yín dúdú, tàbí tí ikùn wú lójijì tí mímí sì nira, ẹ má dúró de ọjọ́ klíníìkì. Àyìnkẹ́ House, ilé ìwòsàn aboyún tó wà nínú LASUTH ní Ìkẹjà, kò jìnnà sí yín.

Ẹ bá mi kí ìyá ọkọ yín, kí ẹ sì sọ fún un pé họ́mọ̀nù kì í ṣe àjèjì nínú ọ̀rọ̀ ìbejì. Nílùú Igbó-Ọrà, Dókítà Nylander ti Yunifásítì Ìbàdàn rí nǹkan bí ìbejì 45 nínú ìbímọ 1,000; nínú ìwádìí rẹ̀, ó tún rí i pé họ́mọ̀nù FSH pọ̀ lára àwọn ìyá ìbejì ju ti àwọn yòókù lọ. FSH ló ń mú ẹyin dàgbà, òun náà ló sì wà nínú abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún kí wọ́n tó kó ẹyin. Àwọn ará Igbó-Ọrà ní ọbẹ̀ ìlasa ló ń fa ìbejì. Mi ò bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n ìlasa ò sí nínú síríńjì dókítà yín. Tiyín sì yàtọ̀ díẹ̀: iye ọlẹ̀ tí wọ́n gbé wọlé ló sábà máa ń mú ìbejì IVF wá.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kó ọkàn sí ni ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìbejì ń mú un wá, ọlẹ̀ inú yìnyín tí wọ́n fi oògùn nìkan tọ́jú sì tún ń dá kún un. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá aspirin kékeré tọ́ sí yín láti ọ̀sẹ̀ 12, kí ẹ sì ṣe àyẹ̀wò ṣúgà, torí họ́mọ̀nù ibi ọmọ kì í jẹ́ kí ara lo ṣúgà dáadáa. Kí ilé ìtọ́jú kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín bóyá ọlẹ̀ tí wọn ò dì sínú yìnyín ni tàbí èyí tí wọ́n dì, orúkọ oògùn kọ̀ọ̀kan àti ọjọ́ tí yóò parí, kí ẹ mú ìwé náà dání lọ síbi tí ẹ ti fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún ìbímọ.