Ẹ Mọ Ọjọ́ Ẹyin Kí Ẹ Tó Wá Jíìnì

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ fẹ́ ṣe ìwádìí jíìnì aago ara lára ẹyẹ igbó, ọjọ́ tí ẹyẹ yé ẹyin àkọ́kọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ dájú. Ẹ̀jẹ̀ lè wà nínú fíríìsà di ọdún tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ kò kọ sílẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ẹ máa yẹ ìtẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó kéré tán. Ẹyin kan lójúmọ́ ni ẹyẹ kékeré tí wọ́n ń pè ní blue tit sábà máa ń yé, nítorí náà bí ẹ bá bá mẹ́rin tí ìyá kò tíì sàba lé, ẹ ka ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹ má fọwọ́ kan abo tó ń sàba. Ó lè kọ ìtẹ́ sílẹ̀. Ẹ dúró títí ọmọ yóò fi dàgbà díẹ̀ kí ẹ tó mú un. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan láti abẹ́ apá ìyá náà ti tó, nítorí DNA wà nínú ẹ̀jẹ̀ pupa ẹyẹ, kò rí bíi tiwa.

Láti 1947 ni wọ́n ti ń kọ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní igbó Wytham lẹ́bàá Oxford. Ní 2009, Miriam Liedvogel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé abo blue tit ibẹ̀ tí apá kan Clock, ọ̀kan nínú jíìnì aago ara rẹ̀, kúrú máa ń tètè yé. Iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wo great tit inú igbó kan náà, wọn kò rí irú ìbátan bẹ́ẹ̀. Láàárín àwọn great tit yìí, jíìnì náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ láti ẹyẹ kan sí èkejì. Ẹ má fi èsì irú ẹyẹ kan búra fún òmíràn láé.

Ẹ wo bí aago náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Àwọn purotéènì CLOCK àti BMAL1 ló ń mú kí jíìnì Period àti Cryptochrome ṣiṣẹ́. Ohun tí àwọn wọ̀nyí bá mú jáde á padà wá dá àwọn méjì àkọ́kọ́ dúró, ní nǹkan bíi wákàtí 24. Aago yìí ni ẹyẹ fi ń wọn gígùn ọ̀sán. Ìmọ́lẹ̀ ń gba agbárí kọjá dé inú ọpọlọ rẹ̀, kì í ṣe ojú nìkan ló fi ń mọ̀ ọ́n. Bí ọ̀sán bá ti gùn tó, omi ìsúnniṣe tairọ́ìdì á pọ̀ sí i nínú ọpọlọ, kórópọ̀n àti ilé ẹyin á sì dàgbà. Ọ̀nà yìí jìn, jíìnì tó wà lójú rẹ̀ pọ̀. Ẹ má di gbogbo ẹrù ọdún lé Clock lórí.

Èyí tó ń wú mi lórí jù ni ẹyẹ aṣíkiri tí wọ́n ń pè ní pied flycatcher. Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà níhìn-ín ló ti ń lo ìgbà òtútù ilẹ̀ Yúróòpù. Ní Ìbàdàn, ìyàtọ̀ ọ̀sán tó gùn jù àti èyí tó kúrú jù kò tó wákàtí kan, síbẹ̀ ẹyẹ tó bá wá sí irú ilẹ̀ báyìí ń mọ ìgbà tó yẹ kó padà: kàlẹ́ńdà ọdún wà nínú ara rẹ̀. Àwọn olùwádìí tọ́ àwọn ọmọ ẹyẹ náà nínú yàrá ní Jámánì ní 1981. Wọ́n tún un ṣe bákan náà ní 2002, wọ́n sì rí i pé kàlẹ́ńdà náà ti sún síwájú ní nǹkan bí ọjọ́ 9. Nítorí pé àwọn tó ṣe ti àkọ́kọ́ kọ bí wọ́n ṣe ṣe é sílẹ̀ ni ó fi ṣeé tún ṣe. Ẹ kọ tiyín sílẹ̀ bẹ́ẹ̀: ìmọ́lẹ̀, oúnjẹ, ọjọ́ tí wọ́n pa ọmọ, àti ìtẹ́ tí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan ti wá.