Àpótí Ìmọ̀: Ìlọrin
Ìlọrin ni olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Kwara láti ọdún 1967 tí wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀. Odò Asà ló la ìlú já. Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ló sọ ọ́ di ìlú ogun. Ó pe aáfà Fúlàní kan, Ṣéù Àlímì, mọ́ra. Nígbà tí ìjà dé, Àfọ̀njá kú sínú rẹ̀, Abdulsalami ọmọ Àlímì sì di ẹ́míà àkọ́kọ́. Ìdí nìyẹn tí ìlú tó ń sọ Yorùbá yìí kò fi ní ọba aládé. Ẹ sáà wo oyè àwọn balógun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: Àjìkóbi, Alánamú, Gàm̀bàrí àti Fúlàní, bí ẹ̀yà ṣe pàdé níbẹ̀ hàn nínú wọn. Ní 1897, ọmọ ogun ilé-iṣẹ́ òwò Gẹ̀ẹ́sì, Royal Niger Company, ṣẹ́gun Ìlọrin.

Iṣẹ́ ọwọ́ tó wù mí jù níbẹ̀ ni ìkòkò mímọ ní Dada, ní apá Òkèlele. Àwọn obìnrin á da ojú ìkòkò àtijọ́ délẹ̀, wọ́n á máa lu amọ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ títí yóò fi rí roboto. Igi àti koríko ni wọ́n fi ń sun ún níta gbangba.

Ní ti ẹ̀kọ́, Yunifásítì Ìlọrin bẹ̀rẹ̀ ní 1975.