Ìmọ́lẹ̀ Tó Tàn Lókèèrè, Òòfà Tó Mì Nílé

Tí ẹ bá jókòó síta lóru ní Ifẹ̀-Olúkòtún, tí kò sí iná, ìràwọ̀ ni ẹ ó máa wò. Ẹ ò ní rí ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé tó máa ń jó lójú ọ̀run ní Nọ́wè àti Kánádà, èyí tí wọ́n ń pè ní aurora. Síbẹ̀, lóru tí ìmọ́lẹ̀ yẹn bá ṣàdédé tàn yòò lọ́hùn-ún, nǹkan kan á mì níbi tí ẹ jókòó sí. Ojú ò lè rí i. Òòfà ló ń mọ̀ ọ́n.

Òòfà ńlá ni ayé yìí fúnra rẹ̀. Òun ló ń mú kí abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì kọjú sí àríwá. Agbára rẹ̀ ga kọjá ibi tí ìkùukùu wà. Afẹ́fẹ́ kan sì ń fẹ́ wá láti ara oòrùn, tó máa ń fa agbára òòfà yìí gùn sẹ́yìn, sí apá ibi tí ilẹ̀ ti ṣú. Ẹ wo ọmọ tó ń ta kànnàkànnà: á fa rọ́bà títí, á wá jù ú sílẹ̀. Òkúta á fò lọ, rọ́bà á sì máa gbọ̀n. Bẹ́ẹ̀ náà ni agbára òòfà tó ti gùn sẹ́yìn yìí ń ṣe. Òkúta tiwa ni àwọn nǹkan tín-ín-tín tó ní iná nínú, tí wọ́n já lu òfurufú lápá àríwá àti gúúsù ayé, tí ibẹ̀ fi tàn. Gbígbọ̀n rọ́bà ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Pi2. Ìgbì rẹ̀ kan a máa gba ìṣẹ́jú àáyá 40 sí 150.

Ní 1741 ni onímọ̀ kan, Olof Hiorter, ti rí i ní Uppsala, ní Sweden, pé abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì ń ṣípò bí ìmọ́lẹ̀ náà ti ń jó. Ibi tí rọ́bà òòfà yìí ti ń bọ́ sílẹ̀ gan-an ló di àríyànjiyàn. Ní 2007, NASA ta sátẹ́láìtì márùn-ún sókè nítorí rẹ̀. Wọ́n bá ibẹ̀ ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ọ̀nà tó lọ sí òṣùpá.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé Pi2 kì í dúró lọ́dọ̀ àwọn tó ń wo ìmọ́lẹ̀. Kí ìṣẹ́jú méjì tó pé, ó ti dé ọ̀dọ̀ wa. Ní 2006, Yunifásítì Kyushu ti Japan gbé ẹ̀rọ kan wá sí Yunifásítì Ìlọrin, láti máa wọn òòfà ilẹ̀ wa tọ̀sán tòru. Tí a bá pín agbára òòfà náà sí ọ̀nà 30,000, mímì Pi2 kì í sábà ju ọ̀nà kan tàbí méjì lọ. Nítorí náà, ẹ má torí rẹ̀ ra kọ́ńpáàsì o. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ ò ní mira.