Ẹni Tó Fẹ̀sọ̀ Pa Èèrà

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá fẹ̀sọ̀ pa èèrà ni yóò rí ìfun inú rẹ̀. Mi ò mọ iṣẹ́ tí òwe yìí bá mu tó iṣẹ́ àwòrán yíyà, pàápàá fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọ̀dà akírílíìkì àti búrọ́ṣì mẹ́ta, tó sì fẹ́ kí ẹyẹ, òdòdó àti ìgbé ayé oko jáde lójú kánfáàsì kó tó di ìrọ̀lẹ́. Ọ̀dà yìí fúnra rẹ̀ ló ń kó ìkánjú ran èèyàn, nítorí omi la fi ń pò ó, kíá ló sì ń gbẹ. Ọwọ́ lè yá o, ojú ni kò gbọdọ̀ kánjú. Ọ̀pọ̀ àwòrán tí kò dára ló ti bàjẹ́ kí ọwọ́ tó kàn án rárá: ẹni tó yà á kò wo ẹyẹ, ohun tó rò pé ẹyẹ jẹ́ ló yà.

Ẹ mú òdòdó ilá. Gbogbo wa la rò pé a mọ̀ ọ́n. Bí mo bá ní kí ẹ yà á láìwò ó, nǹkan roboto aláwọ̀ yẹ́lò kan lẹ ó yà. Ẹ wá lọ sí ẹ̀yìnkùlé lówùúrọ̀, kí oòrùn tó mú. Ewé òdòdó márùn-ún ló ní, etí ọ̀kan gun orí èkejì. Àwọ̀ wọn kì í ṣe funfun, kì í sì í ṣe yẹ́lò gidi. Àárín méjèèjì ló wà. Nísàlẹ̀ inú rẹ̀ lọ́hùn-ún ni pupa kan wà tó ṣókùnkùn, bí ìgbà tí aró kan osùn. Pupa yìí kì í dúró lójú kan, ó ń fa ìlà tín-ín-rín wọ inú ewé òdòdó lọ. Òpó kékeré kan wá dúró láàárín, lẹ́búlẹ́bú yẹ́lò wà lára rẹ̀, orí rẹ̀ dúdú díẹ̀. Bó bá di ọ̀sán, ó ti ń pa dé. Kó tó di alẹ́, ó ti rọ. Wákàtí díẹ̀ lẹ ní. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ kọ́kọ́ fi pẹ́ńsù yà á lọ́pọ̀ ìgbà sínú ìwé, kí ẹ kọ orúkọ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ tó ṣí ìdérí ọ̀dà kankan.

Agbe ló laró, àlùkò ló losùn, lékeléke ló lẹfun. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀ ọ́n, a sì ń fi í súre fún ara wa. Àmọ́ bí ayàwòrán bá gbé ọ̀rọ̀ yìí bẹ́ẹ̀ láìwádìí, yóò kó o sí wàhálà. Ẹ wo ẹni tó fẹ́ ya lékeléke: ọ̀dà funfun ló kọ́kọ́ fà yọ. Ó kùn ún látorí dé ìrù, ìgbà tó parí, páálí tí wọ́n gé bí ẹyẹ ló ń wò. Lékeléke tó dúró nínú oòrùn kì í funfun tán. Abẹ́ ìyẹ́ rẹ̀ àti ikùn rẹ̀ wà nínú òjìji, òjìji náà sì ní búlúù díẹ̀ nínú. Ibi tó sún mọ́ koríko, àwọ̀ ewé ń ta sí i. Lásìkò tó bá ń wá ẹnì kejì, àtàrí rẹ̀, àyà rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀ a máa pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Nítorí náà, ẹ po búlúù díẹ̀ àti búráùn bíńtín mọ́ funfun, kí ẹ fi àwọ̀ eérú tó bá jáde kun gbogbo ẹyẹ náà ná. Lẹ́yìn èyí ni ẹ ó wá fi funfun gidi kan ibi tí oòrùn bà nìkan: àtàrí, ẹ̀yìn ọrùn, etí ìyẹ́. Ẹyẹ yìí kì í sì í jìnnà sí ẹsẹ̀ màlúù, torí tata tí màlúù bá ta jí ló ń ṣọ́. Ẹ ya àwọn méjèèjì pọ̀, ara màlúù yóò gbé funfun yín yọ láìjẹ́ pé ẹ da ọ̀dà púpọ̀ sí i.

Ti àlùkò tún yàtọ̀. Bàbà, bàbà yìí tí àwọn alágbẹ̀dẹ ń rọ, ni àwọn onísáyẹ́ǹsì bá nínú pupa tó wà ní ìyẹ́ apá àwọn ẹyẹ ìran rẹ̀. (Èyí ò ní kí ẹ mọ̀ ọ́n yà, ṣùgbọ́n ó dùn ún gbọ́.) Bí ẹyẹ náà bá bà sórí igi, pupa yẹn a fara pamọ́, ìgbà tó bá na apá ló ń yọ. Ẹni tó bá ya àlùkò tó bà, tó wá fi osùn pa á látòkè délẹ̀, orúkọ ẹyẹ ló yà.

Ẹ̀ga ni kí ẹ fi kọ́ṣẹ́. Abúlé wo ni kò sí? Ariwo rẹ̀ náà ni ẹ ó fi mọ ibi tó wà. Akọ rẹ̀ a máa so rọ̀ ní ìdoríkodò lábẹ́ ilé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hun, a máa ju apá kí abo lè wá wò ó. Orí dúdú, ojú pupa, ara yẹ́lò. Ẹ ṣọ́ra fún yẹ́lò yìí: bí ẹ bá fi dúdú pò ó láti fi ṣe òjìji, àwọ̀ ewé ni yóò dà, ẹyẹ yín yóò sì dà bí ẹni tó ń ṣàìsàn. Búráùn ni kí ẹ fi rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Kí ẹ sì má kó gbogbo agbo ẹ̀ga orí ọ̀pẹ sójú kánfáàsì kékeré kan. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Ọ̀run náà ni ẹ ó fi àyè sílẹ̀ fún. Ẹyẹ kan àti ilé rẹ̀ tó.

Ní ti ọ̀dà fúnra rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ẹ kun ìpele fẹ́lẹ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ fi òmíràn lé e. Bó bá ti gbẹ, ó ti di ike nìyẹn, omi kò lè tú u mọ́. Ohun tó jẹ́ kí ìpele kejì má ba ti àkọ́kọ́ jẹ́ nìyẹn, òun náà ló sì ń sọ búrọ́ṣì tí ẹ gbàgbé sílẹ̀ di igi. Nígbà tó bá tutù, ohun tó so ọ̀dà pọ̀ funfun díẹ̀. Bó bá gbẹ tán, á mọ́ gaara, àwọ̀ á sì ṣókùnkùn ju bí ẹ ṣe pò ó lọ. Ẹ máa kan díẹ̀ sí etí páálí, kó gbẹ, kí ẹ tó gbà pé ó bára mu. Ẹ má bu omi lé e jù, kò ní lè di ojú kánfáàsì mú.

Ọyẹ́ ni ọ̀tá ọ̀dà yìí nílé. Ọ̀dà tí ẹ fà sínú abọ́ lè ti dì kí ẹ tó yíjú padà. Ẹ tẹ́ aṣọ tútù sínú abọ́ pẹlẹbẹ, ẹ tẹ́ bébà tí àwọn oníkéèkì fi ń tẹ́ páànù lé e, kí ẹ fa ọ̀dà sórí bébà yẹn. Bí ẹ bá fẹ́ dìde, ẹ fi ọ̀rá bò ó. Àwọn èèyàn wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní òdìkejì wàhálà yìí: nínú yàrá tí ìgbóná rẹ̀ kò bá tó bíi 10 lórí ìwọ̀n Celsius, ọ̀dà kì í so pọ̀ dáadáa, bó tilẹ̀ jọ pé ó ti gbẹ.

Àwọ̀ ewé inú túùbù kì í ṣe àwọ̀ ewé oko. Ẹ fi pupa tàbí búráùn díẹ̀ pa á lójú. Kí ẹ sì wo igi kòkó dáadáa: ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lórí rẹ̀ pọ́n ni, kò tíì ní àwọ̀ ewé rárá.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni àwòrán abúlé. Ẹ dé ibi tí wọ́n ti ń tà á, ahéré oníkoríko, obìnrin mẹ́ta tó ru ìkòkò, oòrùn pupa tó ń wọ̀. Abúlé wo nìyẹn? Èyí tí mo mọ̀, páànù ló wà lórí ilé, ó sì ti dípẹtà. Kẹ́ẹ̀gì yẹ́lò ni wọ́n fi ń pọnmi. Ọ̀kadà wà lábẹ́ igi máńgòrò, kòkó ń gbẹ lórí ẹní, ẹnì kan sì ń fi ẹsẹ̀ rò ó. Kí ló dé tí a ń pa ọ̀kadà rẹ́? Páànù tó dípẹtà nìkan, ẹ ó rí osùn, ẹ ó rí eérú, ẹ ó rí búlúù níbi tí ojú ọ̀run ti ń tàn sí i. Ẹ wo àwọn ayàwòrán Òṣogbo: ní Mbari Mbayo, ibùdó iṣẹ́ ọnà tí Dúró Ládiípọ̀ dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1962, Múráínà Oyèlámì, Rufus Ogundele àti Twins Seven-Seven kò kọ́kọ́ lọ ilé ẹ̀kọ́ gíga kí wọ́n tó di búrọ́ṣì mú. Síbẹ̀, kò sí ẹni tó máa ṣi iṣẹ́ ọ̀kan mú fún ti èkejì, torí ojú tirẹ̀ ni oníkálukú fi wò.

Bí ọ̀nà abúlé bá wà nínú àwòrán yín, ẹ jẹ́ kó máa tín-ín-rín bó ṣe ń jìnnà. Ẹ̀kọ́ yìí ni Àìná Onábolú, ayàwòrán tó tún jẹ́ olùkọ́, fi ń da àwọn ọmọ iléèwé Èkó láàmú títí wọ́n fi fi sọ ọ́ lórúkọ. Ọyẹ́ tí mo bú lẹ́ẹ̀kan wúlò níbí: ó ń jẹ́ kí igi òkèèrè rẹ̀ sílẹ̀, kó ní àwọ̀ eérú, kí ti ìtòsí sì dúdú. Ẹ lo àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́; oòrùn ọ̀sán gangan kì í fi òjìji sílẹ̀ fún yín.

Bí ẹ bá sì rí ìyá tó ń yan gàrí, tó ń fi èéfọ́ igbá rò ó nínú agbada, ẹ má kàn na fóònù sí i. "Ẹ kú iṣẹ́ o, màmá. Àwòrán ni mò ń yà, ṣé mo lè jókòó síbí?" Ẹni tó bá ti fún yín láyè kò ní máa tún gèlè rẹ̀ ṣe, yóò padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, ìjókòó rẹ̀ gan-an ni ẹ ó sì rí. Fóònù a máa sọ òjìji abẹ́ àtíbàbà di dúdú kirikiri. Ojú yín ló máa rí i pé pupa iná wà nínú rẹ̀. Èéfín, ẹ kùn ún kẹ́yìn: ọ̀dà bíńtín lórí búrọ́ṣì gbígbẹ, kí ẹ fi rá a lójú kánfáàsì títí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò fi máa hàn fírífírí.

Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ má to àwòrán lójú kojú. Ooru tiwa yìí máa ń mú kí akírílíìkì rọ̀ díẹ̀, ojú méjì tó fara kanra lè lẹ̀ mọ́ra, bí ẹ bá sì fà á, ọ̀kan á bọ́ lára èkejì. Ẹ gbé wọn dúró lóòró, kí ẹ fi igi pẹlẹbẹ sí àwọn igun fírémù láàárín ọ̀kan sí èkejì, kí ohunkóhun má kan ojú wọn. Ọ̀rá kọ́ ni kí ẹ fi wé wọn, òun náà máa ń lẹ̀.