Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: Oṣù Mélòó Ni Físà Ará Ilé Wa Yóò Gbà?

 

Ìbéèrè kan wà tí kì í wọ́n nídìí tábìlì ìmọ̀ràn wa: "Ẹ jọ̀ọ́, oṣù mélòó ni físà ìyàwó mi yóò gbà?" Ẹlòmíràn á ní ọ̀rẹ́ òun kọ̀wé fún ìyá rẹ̀, kò pẹ́ tí ìyá fi dé, kí ló wá dé tí ti àbúrò òun kò tíì jáde lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án? Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà. Ṣùgbọ́n àwa tí à ń bèèrè oṣù mélòó ń rò pé ìdúró kan ṣoṣo ló wà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlà mẹ́ta ló wà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn tó ń darí wọn. Ẹni tó bá mọ ìlà tí òun wà yóò mọ ohun tó yẹ kí òun ṣe, yóò sì mọ ohun tí òun kò gbọdọ̀ ṣe. Ohun tí a kò gbọdọ̀ ṣe yìí gan-an ló ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́ mọ́ ẹbí lọ́wọ́, ju ìdádúró fúnra rẹ̀ lọ.

Ẹ mú bírò. Ẹ wá lẹ́tà tí USCIS fi ránṣẹ́ sí yín nígbà tí ẹ fi fọ́ọ̀mù I-130 sílẹ̀, kí ẹ gbé e síwájú yín. A ó lò ó.

ÌLÀ KÌÍNÍ: USCIS

I-130 ni fọ́ọ̀mù tí sítísìn tàbí ẹni tó ní green card fi ń sọ fún ìjọba pé, "Ẹbí mi ni ẹni yìí." Lẹ́tà tí wọ́n fi dáhùn ni I-797. Ohun méjì ni kí ẹ wò lórí rẹ̀. Èkíní ni nọ́ńbà rìsíìtì: lẹ́tà mẹ́ta àti fígọ̀ mẹ́wàá. Èkejì ni déètì tí wọ́n ń pè ní Priority Date. Déètì yìí ni àyè yín lórí ìlà. Ẹ tọ́jú rẹ̀ bí ẹ ṣe ń tọ́jú rìsíìtì ilẹ̀.

USCIS máa ń gbé iye oṣù tí iṣẹ́ ń gbà sórí ìkànnì wọn. Ọ̀pọ̀ wa ló ń ka iye yìí bí ìlérí. Kì í ṣe ìlérí o. Bí wọ́n bá kọ oṣù 14, ohun tó túmọ̀ sí ni pé nínú 100 fáìlì tí wọ́n parí láàrin oṣù mẹ́fà tó kọjá, 80 parí láàrin oṣù 14 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Ogún yòókù pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwa tí a kọ́ṣẹ́ ìṣirò owó mọ̀ pé iye tí ọjà tà lánàá kò sọ iye tí yóò tà lọ́la. Lójú ewé kan náà, àyè wà tí ẹ ó ti tẹ déètì rìsíìtì yín, yóò sì sọ bóyá àkókò ti tó láti béèrè. Bí àkókò kò bá tíì tó, ìdáhùn kan náà ni wọ́n ó máa fún yín.

Àwọn kan ń wakọ̀ lọ sí ọ́fíìsì USCIS ní Irving lọ bẹ̀bẹ̀. Àwọn tó ti wà ní Amẹ́ríkà níbí ni wọ́n ń pè wá síbẹ̀ fún íntáfíù, fún green card tàbí fún sítísìn. Pé ilé yín kò jìnnà sí Irving kò lè mú fáìlì ẹni tó wà ní Òṣogbo yára.

Ẹ rántí pẹ̀lú: bí wọ́n bá fọwọ́ sí I-130, físà kọ́ nìyẹn. Wọ́n gbà pé ẹbí yín ni, ó parí síbẹ̀.

ÌLÀ KEJÌ: NỌ́ŃBÀ FÍSÀ

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń tò sórí ìlà yìí. Ọkọ tàbí ìyàwó sítísìn, ọmọ sítísìn tí kò tíì pé 21 tí kò sì tíì ṣègbéyàwó, àti òbí sítísìn tó ti pé 21, òfin kò fi iye sí físà tiwọn lọ́dún. Ìdí nìyí tí ìyá ọ̀rẹ́ yín fi ṣáájú àbúrò yín dé.

Àwọn yòókù wà ní ìsọ̀rí, iye físà tó wà fún ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan lágbàáyé sì ní òdiwọ̀n. Ẹ wo iye ọdọọdún, àti ọdún tí ìlà dé nínú Visa Bulletin oṣù Kẹwàá 2025:

F1, ọmọ sítísìn tó ti pé 21 tí kò tíì ṣègbéyàwó: 23,400. Ìlà dé 2016.
F2A, ọkọ, ìyàwó àti ọmọ kékeré ẹni tó ní green card. Ìlà dé 2024.
F2B, ọmọ ẹni tó ní green card, tó ti pé 21, tí kò tíì ṣègbéyàwó. Ìlà dé 2016. F2A àti F2B jọ ń pín 114,200.
F3, ọmọ sítísìn tó ti ṣègbéyàwó: 23,400. Ìlà dé 2011.
F4, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò sítísìn tó ti pé 21: 65,000. Ìlà dé 2008.

Ẹni tó ní green card kò lè kọ̀wé fún òbí, fún ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, tàbí fún ọmọ tó ti ṣègbéyàwó. Ó di ìgbà tó bá di sítísìn.

Oṣooṣù ni Department of State ń gbé Visa Bulletin jáde. China, India, Mexico àti Philippines ní òpó tiwọn. Nàìjíríà wà nínú òpó àkọ́kọ́, ti gbogbo orílẹ̀-èdè yòókù. Bí Priority Date yín bá ṣáájú déètì tó wà nínú tábìlì Final Action Dates, ó ti kàn yín. Tábìlì kejì, Dates for Filing, ń sọ ìgbà tí ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé jọ ránṣẹ́.

Ẹ ṣọ́ra fún ìṣirò kan. Ẹ má ṣe yọ 2008 kúrò nínú 2025 kí ẹ ní ọdún 17 ni ẹni tó bá kọ̀wé lónìí yóò dúró. Ọdún 17 ni ẹni tó ń gba tirẹ̀ báyìí ti dúró. Déètì yìí kì í rìn bí kàlẹ́ńdà: ó lè fi oṣù kan fo ọdún kan, ó lè dúró gbagidi, ó sì lè padà sẹ́yìn.

ÌLÀ KẸTA: NATIONAL VISA CENTER ÀTI LAGOS

Lẹ́yìn èyí, fáìlì yóò lọ sí National Visa Center ní Portsmouth, New Hampshire. Wọ́n á fún yín ní nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú LGS, ìyẹn Lagos, nítorí Lagos ni wọ́n ti ń ṣe íntáfíù físà àtigbélùú fún Nàìjíríà, kì í ṣe Abuja. Ẹ ó san dọ́là 325 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan àti dọ́là 120 fún ìwé ìdúró. Ẹ ó kọ fọ́ọ̀mù DS-260, ẹ ó sì fi ìwé ìbí, ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ọlọ́pàá ránṣẹ́.

Níbí ni ìwé ìdúró, I-864, ti ń dá ọ̀pọ̀ wa dúró. Owó tó ń wọlé fún yín gbọ́dọ̀ tó ìdá 125 nínú 100 ti òdiwọ̀n òṣì tí ìjọba àpapọ̀ ń gbé jáde. Ní 2025, fún ẹbí ẹlẹ́ni mẹ́rin, tí a bá ka ẹni tó ń bọ̀ mọ́ wọn, dọ́là 40,187 ni. Iye náà máa ń yí padà lọ́dọọdún. Ẹ̀yin tí ẹ ń wa takisí tàbí tí ẹ ní ìsọ̀, ẹ gbọ́ o: kì í ṣe gbogbo owó tó bọ́ sọ́wọ́ yín ni wọ́n ń kà, èyí tó ṣẹ́kù lẹ́yìn ìnáwó iṣẹ́ ni. Ẹni tó bá ń kọ ìnáwó ràgàjì sínú ìwé owó-orí ìjọba kí owó tí yóò san lè kéré, ìwé kan náà ni yóò jẹ́rìí takò ó. Bí owó kò bá tó, ẹ lè wá ẹlòmíràn tí yóò bá yín dúró. Kí olúwarẹ̀ sì mọ ohun tó ń fọwọ́ sí, nítorí ìkọ̀sílẹ̀ kò lè fòpin sí ìdúró yẹn.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọdún kan kọjá láìkàn sí National Visa Center lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kọ̀wé sí yín pé físà ti wà. Wọ́n lè fagi lé fáìlì náà.

NÍGBÀ TÍ ÌJỌBA BÁ TI ILẸ̀KÙN

Ìdádúró kan wà tí kò sí nínú ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kínní 2020, ààrẹ fọwọ́ sí ìkéde tó dá físà àtigbélùú dúró fún àwọn ọmọ Nàìjíríà, ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 21 oṣù Kejì, wọ́n sì fagi lé e ní ọjọ́ 20 oṣù Kínní 2021. Ìkéde mìíràn tí ààrẹ fọwọ́ sí ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá 2025 tún kan Nàìjíríà láti ọjọ́ 1 oṣù Kínní 2026. Nítorí náà, kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan, ẹ ka ohun tó wà lórí ìkànnì Department of State lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ṣùgbọ́n irú ìkéde báyìí kì í gba Priority Date lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní 2021, ẹni tó ti tọ́jú fáìlì rẹ̀ kò pàdánù àyè rẹ̀, ẹni tó fi ìbínú pa á tì ní láti bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

OHUN TÍ KÒ GBỌDỌ̀ ṢẸLẸ̀ LÓRÍ ÌLÀ

1. Ìgbéyàwó. Ìyá kan wá bá wa pẹ̀lú aṣọ ẹbí lọ́wọ́, ó ní ká wá bá òun yọ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní Ìbàdàn fẹ́ ṣègbéyàwó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Green card ni ìyá ní, ó sì ti kọ̀wé fún ọmọ náà láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, F2B. A bi í pé ṣé ó mọ̀ pé lọ́jọ́ tí ọmọ bá ṣègbéyàwó ni fáìlì náà kú, tòun ti Priority Date? Ìyá jókòó. Ó ní, "Ṣé a kàn lè ṣe ti ìbílẹ̀, ká fi ti kóòtù sílẹ̀?" Rárá o. Ìgbéyàwó ìbílẹ̀, ìgbéyàwó ni lójú òfin Nàìjíríà. Bí wọ́n bá sì fi í pamọ́, irọ́ nìyẹn, irọ́ sì lè ti ilẹ̀kùn Amẹ́ríkà mọ́ ọmọ náà títí ayé.

Ohun tí òfin gbà rèé: kí ìyá kọ́kọ́ di sítísìn. Lọ́jọ́ tó bá búra, ọmọ di F1. Bí ó bá ṣègbéyàwó lẹ́yìn náà, ó bọ́ sí F3. Ìlà ibẹ̀ gùn jù, ṣùgbọ́n Priority Date àtijọ́ yóò bá a lọ. Kì í ṣe tiwa láti sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé kó má lọ́kọ. Tiwa ni kí ẹbí mọ iye tí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan yóò ná wọn kí wọ́n tó yàn. Ẹbí méjèèjì jókòó, wọ́n sún ọjọ́ síwájú. Aṣọ ẹbí ṣì wà nínú àpótí.

2. Ọjọ́ orí ọmọ. Ọmọ tó bá pé 21 lè jábọ́ láti F2A sí F2B. Òfin kan láti 2002, Child Status Protection Act, gbà pé kí a yọ àkókò tí I-130 fi wà lọ́wọ́ USCIS kúrò nínú ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò: nọ́ńbà físà kan ọmọ nígbà tó pé ọdún 21 àti oṣù 8. I-130 lo oṣù 14 kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Yọ oṣù 14: ó ku ọdún 20 àti oṣù 6. Ọmọdé ṣì ni lójú òfin, bí ó bá ti fi DS-260 sílẹ̀ láàrin ọdún kan, tí kò sì ṣègbéyàwó.

3. Bàbá di sítísìn, ó gbàgbé àwọn ọmọ. Nínú F2A, I-130 kan tí ẹ kọ fún ìyàwó lè gbé àwọn ọmọ. Ní kété tí ẹ bá di sítísìn, ìyẹn tán: ọmọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní I-130 tirẹ̀. Ẹ kọ tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

4. Ẹ kó kúrò nílé, ẹ kò sọ. Ọjọ́ mẹ́wàá ni òfin fún ẹni tó ní green card láti fi ilé tuntun tó USCIS létí. Kí ẹ tún sọ fún National Visa Center.

5. "Mo mọ ẹnì kan ní ẹ́ḿbásì." Kò sí ẹni tó ń ta àyè lórí ìlà. Àwa gan-an kì í ṣe lọ́yà. Bí ọ̀rọ̀ bá dojú rú, lọ́yà tàbí ẹni tí ìjọba fún ní àṣẹ ni kí ẹ lọ bá.

Ẹ sì sọ fún àwọn ará ilé: kí wọ́n má ta ilẹ̀, kí wọ́n má fi iṣẹ́ sílẹ̀, títí físà yóò fi wà nínú pásípọ́ọ̀tù.

Ẹ DÁN ARA YÍN WÒ

Ìkànnì kọ oṣù 12, tiyín ti di oṣù 13. Ṣé nǹkan ti bàjẹ́? Kò dandan, ẹ lè wà lára ogún nínú 100. Ẹ wò ó bóyá àkókò ti tó láti béèrè.

Sítísìn kọ̀wé fún ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún 30 tó ti gbéyàwó. Ìlà mélòó ni? Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, F3 sì ni.

Ẹni tó ní green card kọ̀wé fún ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún 26. Ṣé ó lè ṣègbéyàwó? Kí òbí kọ́kọ́ di sítísìn ná.

Bí ẹ bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, ẹ mú I-797 àti ìwé owó-orí ìjọba ọdún mẹ́ta dání. Ẹni tó bá fi sùúrù pa èèrà, á rí ìfun rẹ̀. Olúwa yóò kó wa pọ̀ láyọ̀ o.